Ikún tó Gbẹ́ Ihò sí Ẹ̀gbẹ́ Sàréè Bàbá Mi

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa ń kí ẹni tó bá ti òkèèrè dé nìyẹn, bó jẹ́ ọdún mẹ́wàá ló lò lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìbọn atẹ́gùn yín ni mo bá wá. Mo ti gbé e. Mo ti yìn ín pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná kí ẹ tó bínú.

Ẹ rántí pé abẹ́ ibùsùn yín ló máa ń wà, tí ẹ fi àgékù aṣọ àwọn oníbàárà wé e bí ọmọ tuntun. Ẹ máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràṣídì, gbé e lọ́wọ́ kó fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ ní kí n máa bá abẹ́rẹ́ ṣeré. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé Bọ̀dá ò lè fi òkò ba ògiri. Kí ló dé tí ẹ ò fi kọ́ èmi? Ṣé torí pé mo jẹ́ obìnrin ni, àbí torí pé ẹ rí i pé màá mọ̀ ọ́n jù yín lọ? Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà tí mo ti padà wá sí Ọ̀bọ̀ láti máa gbé pẹ̀lú Ìyá, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama níbí.

Mo ṣì ń rí yín lójú mi. Tí ẹ bá ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì, ẹ ó gbé àpótí yín lọ sẹ́yìn ilé, ẹ ó jókòó ti oko ẹ̀pà kékeré yẹn, ẹ ò ní mira. Ikún á jáde. Èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, màá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin á ká ẹnu ìbọn, ẹ ó ki ọta kan sí i, ètè yín á mì díẹ̀. Mo rò pé ẹ ń ka ení, èjì ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Bìsìmílà ni.

Ọ̀rọ̀ tó dé báyìí ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí Bọ̀dá Ràṣídì wá láti Ìlọrin lóṣù tó kọjá, ó lọ kí yín lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ tó fi ké sí mi. Mo sáré jáde, mo bá a tó ti ṣí fìlà, tó ń tọ́ka sí ìhà orí yín. Ikún ti gbẹ́ ihò kan síbẹ̀, ó sì ti kó iyẹ̀pẹ̀ pupa jọ síwájú rẹ̀ bí òkìtì. Mo tijú. Mo ti ń rí ihò náà tẹ́lẹ̀, mo kàn rò pé kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń pariwo lé lórí ni.

Bọ̀dá ní, "Ṣé o rí i? Ẹran ti ń bá Bàbá pín ilé. Símẹ́ńtì ni, kò sí ọ̀rọ̀ míì."

Mo rán an létí ọjọ́ tí ẹ pè wá jókòó yí ẹní yín ká, tí ẹ sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì àti Ìyá pé iyẹ̀pẹ̀ lásán lẹ fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi símẹ́ńtì tàbí táìsì kan yín. Ẹ tiẹ̀ fi ṣàwàdà pé ẹ̀yin ò fẹ́ràn aṣọ tí kò ṣeé tú. Bọ̀dá dé fìlà rẹ̀ padà. Ó wá ní Bàbá ò mọ̀ nígbà yẹn pé ikún máa wá di alábàágbé wọn. A jọ dúnàádúrà síbẹ̀, lórí yín: ó fún mi láyè títí di ìparí oṣù. Tí ikún bá kúrò, ọ̀rọ̀ yín dúró. Tí kò bá kúrò, símẹ́ńtì ń bọ̀. Ìyá wà nínú ilé ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń bó ẹ̀pà.

Bí mo ṣe di ọdẹ nìyẹn o.

Bàbá, ìbọn yín le! Ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò lè ká ẹnu rẹ̀ rárá. Mo fi ìdí rẹ̀ ti itan mi, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, itan mi sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọta yín ṣì wà nínú agolo bọ́tìnnì, ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ó sì ku díẹ̀ kí n ki bọ́tìnnì sẹ́nu ìbọn. Mo gbé agolo mílíìkì lé orí ògiri, mo yìn ín, n ò bà á. Mo tún yìn ín. Korobá Ìyá ló gbà á.

Wọ́n ké láti ẹ̀gbẹ́ kànga, "Ta lẹni tí ń lù mí ní korobá nínú ulé yìí?"

Ojú wo lẹ máa ń dì? Ṣé ẹ máa ń mú èémí dúró ni àbí ẹ máa ń jẹ́ kó lọ? Tí ó bá yẹ̀, ṣé ọwọ́ yín lẹ máa ń bá wí ni àbí ìbọn? Gbogbo ìbéèrè yìí ni mo ń gbé kiri, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi.

Mo fi ìbọn sílẹ̀ ná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wò ó, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ mi bí ẹni ń ṣe ìwádìí. Kì í jáde kí ìrì tó gbẹ. Tó bá jáde, á kọ́kọ́ dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, á ká ọwọ́ sáyà, á wo ọ̀tún, á wo òsì, àfi bí ọ̀gá ilé ìwé wa. Ìlà funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Á wá lọ sínú ẹ̀pà, á hú u, kò sì ní jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló máa ń gbé e wá jẹ, lórí iyẹ̀pẹ̀ yín gan-an, á kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Kí ló dé tó fi yan ibẹ̀? Ṣé torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ni? Ṣé ó mọ̀ pé ẹni tó ń yìnbọn sí òun ti kọjá lọ ni? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè yín? Mo fẹ́ ki igi bọ ihò náà kí n mọ ibi tó dorí kọ, ọwọ́ mi ò gbé e. Ta ni yóò máa fi igi gún bàbá rẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹwàá mo padà gbé ìbọn, ó sì ń sá fún mi lójoojúmọ́. Ìyá Múnì, aládùúgbò wa tó máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ògiri, ló là mí lóye. Obìnrin yẹn ti ń wò yín fún nǹkan bí ogún ọdún, mo sì rò pé ó kàn ń wá ẹni tó máa bú ni.

Ó ní, "Ọmọ télọ̀, òjìji rẹ ló ń lé e. Abẹ́ ọsàn ni bàbá rẹ ń jókòó sí, níbi tí oòrùn ò ti ní gbé òjìji rẹ̀ síwájú. Tó bá jókòó síbẹ̀, èmi gan-an ò ní rí i, àfi tó bá húkọ́."

Mo gbé àpótí yín lọ sábẹ́ ọsàn ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo ti ilé ìwé dé. Mo so ọ̀bẹ kékeré tí ẹ fi máa ń dú ẹran mọ́ ọwọ́ ìbọn bí ẹ ṣe máa ń so ó. Ikún jáde. Ó dìde dúró. Mo di ojú òsì, mo ní Bìsìmílà, mo tẹ̀ ẹ́. Ìró rẹ̀ ò ju ti ẹni tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ikún ṣubú lulẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀.

Mo sáré, Bàbá. Àwa ọmọ yín máa ń fi ìsáré yẹn rín yín rín, pé bàbá arúgbó ń lé ẹran tó ti kú. A mọ̀ pé tí ẹran bá kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, kò ṣeé jẹ mọ́, ajá ló ni ín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èmi fúnra mi sáré ni mo rí i pé kì í ṣe ẹran jíjẹ nìkan ni. Èèyàn fẹ́ kí ó parí kíá. Ikún náà wò mí. Mo dú u, kò dára tó bí tiyín. Lẹ́yìn náà ni mo fọ ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́, mo sì rántí pé ẹ̀yin náà máa ń pẹ́ lẹ́nu omi. Ṣé ó máa ń dùn yín ni? Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, ṣé ó ṣì máa ń dùn yín?

Mo fún Ìyá Múnì ní ẹran náà, ó sì dúpẹ́ bí ẹni gba màlúù. Mo gbé ọkọ́, mo dí ihò náà pa, mo tú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ yẹn ká, mo tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Mo gbálẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀dá. Ó ní mo ṣe é, ó ní òun ò ra símẹ́ńtì mọ́. Inú mi dùn débi pé mo kọrin nínú ilé ìdáná. Mo ti gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yín àti lọ́wọ́ ẹran.

Ojú Ìyá ti burú sí i láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Awọ funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyin ojú wọn tán, àwọn dókítà sì ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí wọn kì í wá kí yín, tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, pẹ̀lú ọ̀pá wọn àti àpótí kékeré. Ẹ̀yin náà mọ̀. Láti inú yàrá mi ni mo ti máa ń gbọ́ ohùn wọn. N kì í jáde, torí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ohùn náà ń ti apá ibòmíràn wá. Mo jáde. Ìyá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ebè ẹ̀gẹ́, ó tó ìṣísẹ̀ méje sí ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí yín. Wọ́n ń sọ fún yín nípa páànù tó ń jò, wọ́n sì ń dúró díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fetí sílẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe ibẹ̀ o."

Wọ́n na ọ̀pá, wọ́n fi gbá ilẹ̀ yíká. Wọ́n ní, "Mo wá òkìtì yẹn títí. Òkìtì tí ukún kó jọ yẹn, òun ni ẹsẹ̀ mi fi ń mọ ọkọ mi. Ẹ̀gẹ́ wá ni mo ń bá sọ̀rọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n béèrè bóyá ibẹ̀ náà ni àwọn jókòó sí lánàá.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Ta ló bi mí? Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ń dúnàádúrà lórí sàréè ọkọ mi, mo wà nínú ulé mo ń gbọ́ yín. Ta nínú yín ló bi mí?"

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo sunkún, mo sì pe Bọ̀dá Ràṣídì. Ó bi mí bóyá ikún ti padà wá. Mo ní rárá, ó kú, kí ó kó símẹ́ńtì bọ̀.

Ó kó o dé ní Sátidé tó tẹ̀lé e. A ò pe bíríkìlà. A to búlọ́ọ̀kù ẹyọ kan kan yí yín ká, a fi ọ̀kan lé e ní ìhà orí kó ga tó ibi tí ọwọ́ Ìyá yóò ti bà á tí wọ́n bá jókòó. A fi àárín sílẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ṣì ni. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ tí ọ̀pá kan búlọ́ọ̀kù, mo gbọ́ tí àpótí balẹ̀, ohùn Ìyá sì bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, ẹ ní iyẹ̀pẹ̀ lásán, mo sì gbọ́ yín yékéyéké. Èmi gan-an ni mo fi ṣọ́bìrì po símẹ́ńtì náà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ fi Bọ̀dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Ìyá bá dé lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú ń bí yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ṣàìgbọràn sí yín.