Ìka Mi Kì Í Ṣe Ọmú

Ọmọ mi,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Jẹun kí o tó gbé ọmọ rẹ, Ọ̀gá Kékeré, lọ sórí ìwọ̀n lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lónìí.

O sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ kì í jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ń jí. Èmi ni mo ń gbé e, kí o lè sùn. Ìka mi ló ń mu bí ọmú títí á fi sùn padà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́, mo dákẹ́. Má bínú.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé e sí ọ láyà. O ò tiẹ̀ lajú. Mo dúró títí ó fi yó, mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé wàrà mì.

Bí kò bá tíì sanra tó, sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹjọ́ mi ni. Má sunkún mọ́ pé ọmú rẹ ò tó.

Ìka mi ti fẹ̀yìn tì.

Bàbá rẹ