Ọjọ́ Tí Káńsẹ́lọ̀ Wá Gba Kóòtù Rẹ̀

                                        Ilé Ìfọṣọ,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì ìdìbò.

Afọ́bọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀, àbí ó bá ọ kó lọ síbi iṣẹ́ tuntun náà? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ti mọ̀ níbẹ̀ pé ìwọ lo máa ń fi áyọ́ọ̀nù fọ́ bọ́tìnnì oníbàárà. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé kò kéré. O rántí Káńsẹ́lọ̀ wa, Ó-ń-Bọ̀-Lọ́nà, ẹni tó jẹ́ pé bí a bá ti béèrè omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, "ó ń bọ̀ lọ́nà" náà ni ìdáhùn. Láti ìgbà tí o ti lọ, omi náà kò tíì dé. Ó máa ń yọ díẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí a sì tó rẹ aṣọ tán, ó ti lọ. Ọ̀gá wá pè wá jọ, ó ní bí omi kò bá máa ṣàn déédéé kí oṣù yìí tó parí, òun yóò ti ilé ìfọṣọ pa. O mọ̀ pé èmi ni mò ń lọ aṣọ, ìyàwó mi ló ń ṣàn án. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ilé tiwa ni wọ́n tì pa yẹn. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń wò mí.

Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ alágbàfọ̀ ṣe sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ nìyẹn. Tíṣà Àgbà, ìyá tó fẹ̀yìn tì ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ wa, ń bá Káńsẹ́lọ̀ du ipò, ó sì ti ṣèlérí lójú gbogbo wa pé omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ òun. Ṣùgbọ́n o mọ àdúgbò wa: wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá dìbò, wọ́n á sùn. Ni alága ẹgbẹ́, Ìyá Olóhùn (ohùn náà wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀ níbi ìsáṣọ, aṣọ á mì), bá ní kí a máa lọ kan ilẹ̀kùn, kí a máa bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jáde. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí.

Kò sẹ́ni tó rántí pé alágbàfọ̀ ni wá. Láti ìgbà èwe wa la ti ń kanlẹ̀kùn gba aṣọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, tí ẹnìkan na ìdì aṣọ síta, ọwọ́ á ti gbà á kí orí tó mọ̀. Àwọn onílé náà rí aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wa, wọn ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Ẹ káàsán, mà, nítorí ìdìbò la ṣe wá," ni ìyá kan ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí aró búlúù yẹn ran funfun o." Mo gbà á. Mo tiẹ̀ tún dúpẹ́.

Nígbà tí a padà dé, mo rò pé èmi nìkan ni mo ya òmùgọ̀. Àṣé gbogbo ẹgbẹ́ ni. Ìdì aṣọ kún ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Olóhùn béèrè pé àwọn wo ló gbà láti dìbò, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdì aṣọ tirẹ̀. Ó ya ẹnu láti bú wa, ni ìyàwó mi bá tọ́ka sí ìdì aṣọ tó wà lábẹ́ apá Ìyá Olóhùn. Alága náà gba aṣọ bọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyàwó mi kan náà ló yanjú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣebí aṣọ wọn ló wà lọ́wọ́ wa? Ẹ ní kí wọ́n wá gbà á láàárọ̀ ìdìbò. Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ wa níbí náà ni wọ́n ti ń dìbò. Ẹni tó ti jí, tó ti wẹ̀, tó ti rìn débí, kí ló tún kù?" Ìyá Olóhùn ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi oníbàárà ní ẹni tó fẹ́ dìbò fún kó tó fún un ní ṣòkòtò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọlúàbí ni wá.

Àfi bí omi ṣe dá lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Aṣọ gbogbo àdúgbò wà nínú ọṣẹ, ẹ̀rọ kò kán tóò mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ìlà ti gùn dé títì. Ohun tó ṣẹ́ kù nílé ni wọ́n wọ̀ wá. Ẹnìkan wọ kóòtù òjò nínú oòrùn. Mẹkáníìkì wọ síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀, ó ní ká má wo òun. Inú ń bí wọn, ẹ̀rù sì bà mí gidi, torí bí wọ́n bá fìbínú padà sílé, ìbò lọ, iṣẹ́ wa náà lọ.

Ibẹ̀ la wà tí Ó-ń-Bọ̀-Lọ́nà fúnra rẹ̀ fi dé, tòun ti pàjámà. Àṣé ìyàwó rẹ̀ ti na ìdì aṣọ sí wa láì wojú wa, kóòtù funfun kan ṣoṣo tó ṣì gba ikùn rẹ̀ látìgbà tó ti dépò sì wà níbẹ̀. Ayàwòrán tó fẹ́ yà á bó bá ń dìbò ti ń dúró dè é nílé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Kóòtù mi dà?"

Ìyàwó mi gbé e sókè nínú ọpọ́n, ọṣẹ ń kán tótó lára rẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ọkùnrin náà yí ẹ̀yìn sí wa, ó tẹ fóònù, ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ ṣí i. Mo ní kí ẹ ṣí i báyìí." Kò pẹ́ rárá, ẹ̀rọ wúkọ́, ó tutọ́, omi bá tú jáde. Àwọn èèyàn wo omi, wọ́n wo Káńsẹ́lọ̀. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Kí wá ni ká sọ ti ẹni tó ní àdúgbò òun ò ní rí omi? Kò dúró gba kóòtù. Pàjámà yẹn mọ eré sá.

Ìyàwó mi ń ṣan aṣọ, àwọn èèyàn ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní tútù. Wọn ò yà sílé, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbà lọ. Àwọn tó ń darí ìdìbò ń fi àkísà nu ilẹ̀ lẹ́yìn wa. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kéde pé Tíṣà Àgbà ló wọlé. Omi ṣì ń ṣàn, Ọ̀gá sì ti ki kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì ìlọṣọ. Ìyàwó mi rí mi, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ìyá Olóhùn ń kí ọ, bóyá o tiẹ̀ ti gbọ́ ọ níbẹ̀. Kóòtù funfun yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Mo fọwọ́ ara mi lọ̀ ọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ pé, mo gbé e kọ́ síbi tí ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Bó bá di ìdìbò mìíràn, kó wá gbà á.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ara rẹ̀ ṣì ń rùn fún ọṣẹ,

Agbónámájóṣọ