Áìsì Tó Dá Ìfun Rídwàn Lu

Rídwàn ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí o wà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà tètè jinná. Àwa náà wà, a dúpẹ́, òjò ti rọ̀, ewúrẹ́ ti bí méjì. Ó tán. Mi ò ní kí ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ń bí mi!

Aasiyah àbúrò rẹ ló pè mí láti Ìgándò, ó ń sunkún, ó ní inú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ránṣọ ní Ìkòtún, ikùn rẹ le bíi pákó, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ dé ọsibítù, dókítà la inú rẹ, ó bá ìfun tó ti lu, ó gé ibi tó lu náà sọnù. Dókítà ní áìsì ló fà á. Áìsì! Ìwọ tí mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tọ́ dàgbà, tó jẹ́ pé omi àmù lásán, inú á ti máa run ọ́! Ta ni kò kìlọ̀ fún ọ?

Mo ti ní kí Aasiyah gbé fíríìjì yẹn kúrò ní yàrá rẹ, kó tà á dànù. Fíríìjì tí èmi fúnra mi rà fún ọ! Mo tún lọ bá ìyá tó ń ta omi tútù ní gáréèjì wa, mo bú u dáadáa, mo ní ọjà rẹ̀ ló ń dá ìfun ọmọ ọlọ́mọ lu. 

Jàfárù ọ̀rẹ́ rẹ ló wá dà mí lọ́kàn rú. Mo pè é, mo ní kí ló dé tó ń wò ọ́ níran tí o fi ń mu áìsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní o kì í mu ún, o máa ń fi iná sí i lábẹ́ ni, wàá wá fa èéfín rẹ̀. Mo ní ọ̀dẹ̀ ni, áìsì wo ló ń rú èéfín? Ṣé kò ní yọ́ ni? Ó gé fóònù mọ́ mi létí, oníranù!

Mo bi nọ́ọ̀sì abúlé wa léèrè áìsì tó ń rú èéfín. Ó di ọwọ́ mi mú. Kí ló ń di ọwọ́ mi mú fún? Mi ò ṣàìsàn! Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Mi ò tọrọ owó epo lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tọrọ owó oògùn ẹsẹ̀. Bíró ni kí o mú, kí o kọ ọ́ fún mi pé áìsì inú fíríìjì ni. Bí kì í bá ṣe òun, má kọ nǹkan kan jàre. Máa bọ̀ nílé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà.

Ìwọ ni o máa sin mí, Rídwàn. Èmi kọ́ ni màá sin ọ́. Ṣe àmín, kí Aasiyah gbọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ, inú ṣì ń bí mi.