Ẹ̀jẹ̀ Tó Yọ́ Nínú Fìríìsà

                                        Ọgbà Ẹlẹ́dẹ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwádìí.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi,

Ṣé ara le? Ṣé ojú ìyàwó rẹ tó ń ṣomi ti sàn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ńkọ́? Orúnkún rẹ ọ̀tún, ṣé ó ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo? Tèmi ń dún pẹ̀lú. A kú ọjọ́ mẹ́ta, a kú òjò, a kú àìríra. Àwa níbí, a wà láàyè. N kò ní purọ́ fún ọ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ń sọ, ó ń kọ. Ó yẹ kí n máa fi "ẹ̀yin" pè ọ́ nítorí àna mi ni ọ́, ṣùgbọ́n a ti jọ jí àgbàdo jẹ kí n tó mọ̀ pé o ní àbúrò tó lẹ́wà. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́.

Ìròyìn tí mo ní kò dára.

O rántí táǹkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà mi, èyí tí o tìtorí rẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín pé mo ti di olówó ìgbẹ́. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti pòròpórò àgbàdo ni à ń dà sí i. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á jẹ ẹ́, á di gáàsì, gáàsì á gba inú páìpù kọjá odi lọ sí ilé ìwádìí tí ọmọ wa tó ń kọ lẹ́tà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná ìjọba bá lọ, gáàsì yẹn ló ń wa ẹ́ńjìnnì tó ń fún fìríìsà wọn ní iná. Ọ̀gá tó ṣe táǹkì náà ń ṣèwádìí irú ìdọ̀tí oko tó ń mú gáàsì wá jù. Onígbẹ̀ẹ́ ni gbogbo wa ń pè é lójú ara rẹ̀, kì í bínú.

Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú fìríìsà náà. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gba díẹ̀ lára àwọn àgbà àdúgbò tó bá yọ̀ǹda. Ìyàwó mi kì í pa á jẹ, ó ní òun ń ran ọmọ òun lọ́wọ́. Ìgò kéékèèké ni wọ́n, wọn kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, orúkọ rẹ̀ wà lára wọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Nígbà tí dókítà máa rí jẹjẹrẹ nínú ìfun rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìwọ lo kan pósí. N kò ní máa ròyìn ìyẹn fún ọ.

Láti ìgbà náà ni ọmọ wa ti ń wá àmì. Bó ṣe yé mi nìyí: kí jẹjẹrẹ tó di ohun tó ń dun ènìyàn, ó máa ń fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bí olè tó gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ ìgò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kẹ́yìn wò, ó bá bàtà olè níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìyàwó mi ṣì ń pọnmi, ó ṣì ń bú mi láàárọ̀. Ó wá ku àwọn ìgò ti ìṣáájú. Ọmọ wa fẹ́ mọ ọdún tí olè kọ́kọ́ wọlé, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ bí a ṣe lè tètè kìlọ̀ fún ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tó bá ìyá rẹ̀ mu ọmú kan náà. Ìwọ ni mò ń bá wí.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi owó ran iṣẹ́ Onígbẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo táǹkì. O mọ àbúrò mi, Ìyá Ìgbálẹ̀, tó kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹni tó jẹ́ pé bí ológbò bá wọlé, á gbálẹ̀ dè é. Ó ra oògùn apakòkòrò, ó fi fọ gbogbo ilé ẹlẹ́dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán, títí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fi ń sín. Gbogbo omi rẹ̀ gba ojú àgbàrá lọ sínú táǹkì. Onígbẹ̀ẹ́ dé, ó fa imú.

"Màmá, kí lẹ dà síbí?"

"Oògùn ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí àlejò yín wá bá irú òórùn yẹn?"

"Òórùn yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò, Màmá!"

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èyí tí n kò ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n oògùn tó pa kòkòrò ilẹ̀ ti pa kòkòrò inú táǹkì. Gáàsì ń lọ sílẹ̀. Onígbẹ̀ẹ́ ní a ó da ìgbẹ́ tuntun sí i, díẹ̀díẹ̀ ni yóò jí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù, nítorí iná ìjọba wà.

Ìsinmi dé, wọ́n ti ilé ìwádìí pa, tiransifọ́mà àdúgbò sì jó. Ẹ́ńjìnnì dìde, kò rí gáàsì mu, ó kú. Nígbà tí wọ́n padà ṣílẹ̀kùn, omi ń kán láti ẹnu fìríìsà. Ọmọ wa gba ẹ̀yìn odi wá bá mi, ó jókòó lórí garawa oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ó ti yọ́."

Mo ní, "Kí ló yọ́?"

Ó ní, "Ìyá mi."

Mo béèrè bóyá a kò lè dá a padà sínú òtútù. Ó ní ẹran tó ti rà, yìnyín kì í jí i. Ohun tí òun ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà ti bàjẹ́. Wọ́n máa ń sun irú rẹ̀ ni. Mo ní kí ó fún mi ní ìgò kan, ó ní òfin kò gbà. N kò bá a jà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi títí èéfín fi tán. N kò sunkún. Ẹkún mi tán sórí pósí tí o kàn.

Ìyá Ìgbálẹ̀ kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ dọ̀tí, ó jókòó, ó ń wò ó. N kò bú u. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó ti mọ èyí jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kàn ọ́. Ìyàwó rẹ pè mí. Ó ní o fi ẹ̀rọ ìlupákó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì rẹ. O ní ọjọ́ ogbó ni, pé ẹran ara a máa fà. Nígbà tí àbúrò rẹ ń rù, òun náà ń rán ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Ọmọ wa bẹ̀ ọ́ kí o wá fún òun ní ẹ̀jẹ̀, o ní ohun tí o kò mọ̀ kò lè pa ọ́. Àbúrò rẹ kò mọ̀. Ó pa á.

Ọmọ yìí ní, "Bàbá, ẹ má sọ ọ́ báyẹn." Mo ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ní kí n fi kún un pé ìwádìí ni, kì í ṣe ìdájọ́. Pé bóyá kò ní sí àmì kankan. Pé bó bá tilẹ̀ wà tàbí kò sí, bí o ṣe ń rù yìí, kí dókítà fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ, nítorí ohun tó bá ṣì kéré, wọ́n lè gé e kúrò. Mo gbọ́ "wọ́n lè gé e kúrò." Ìyẹn tó mi.

Táǹkì ti ń jí. Láàárọ̀ òní, Onígbẹ̀ẹ́ ṣáná sí ẹnu páìpù, iná kékeré aláwọ̀ aró kan yọ. Fìríìsà ti tutù padà. Àyè tí àwọn ìgò ìyàwó mi wà tẹ́lẹ̀ ṣófo. Nínú gbogbo ọmọ ìyá yín, ìwọ nìkan ló kù.

Kí ìyàwó rẹ fún mi, kí gbogbo ọmọ, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ tó máa ń kan ìṣó wọ́. Ìyá Ìgbálẹ̀ ní kí n kí ọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lónìí nìyẹn. Wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí o bá kọ̀, n kò mọ káfíńtà mìíràn tí mo lè gbé iṣẹ́ pósí fún. Má lu ihò mìíràn sára bẹ́líìtì yẹn. Wá.

                                        Èmi ni,
                                        Ẹni tí àbúrò rẹ fi sílẹ̀.