Géètì Tí Akóredé Ń Ṣí Nínú Fóònù

Akóredé ọmọ mi,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Olúwa tó mú ọ dé Port Harcourt yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, a ò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ara wa le, àfi ojú bàbá rẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Ganiyat ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí, Ṣùkúrù tó ń tajà ní Mile One lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni yóò mú un bọ̀.

Ṣùkúrù yìí kan náà ló wálé lọ́jọ́ Àìkú tó gbé fóònù jáde, tó ní ká wá wo Akóredé. Mo wò ó, ìwọ ni lóòótọ́, ìwọ gólíkípà tí rédíò ń pariwo orúkọ rẹ̀ níjọ́sí, o wọ aṣọ máígádì, ò ń ṣí géètì fún ọlọ́kọ̀ kan ní àdúgbò tí Ṣùkúrù pè ní Rumuokwurushi, àwọn kan sì ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Ganiyat ní àwòrán ni. Ṣé àwòrán a máa rìn ni? Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan fóònù báyìí, o tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. O ti ṣí géètì yẹn ju ogójì ìgbà lọ ní pálọ̀ wa, kò sẹ́ni tó fún ọ lómi mu. Nígbà tí àánú rẹ ṣe mí, mo da fóònù náà dojú bolẹ̀, mo fi ìborùn bò ó kó o lè sinmi. Ṣùkúrù ń bínú, mo ní kó máa bínú lọ.

Mo ti wá mọ ohun tí kò jẹ́ kó o wálé láti ọdún mẹ́ta. Ìtìjú ni.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ sójú bàbá rẹ. Dókítà ní ó lè là, ó lè má là. Bàbá rẹ kọ̀, wọn ò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní àfi bí àwọn bá kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba ìríran tó kù rí ọ. Mo bá wọn tẹ̀ka sí i, nọ́ọ̀sì lé mi jáde, ó bi mí bóyá ojú tèmi ni. Ta ló wá ni ín?

Mo gbé fóònù Ṣùkúrù síwájú bàbá rẹ pé Akóredé rèé. Wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn títí imú wọn fi kàn án, o tún ń ṣí géètì. Wọ́n ní òjìji làwọn ń rí, kí ni òjìji náà ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Wọ́n wá ní nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ, àwọn ò rí ọ. Ṣé nísinsìnyí tí ayé ti dákẹ́, àwọn ò tún ní rí ọ ni?

Akóredé, owó ni mo fẹ́ tọrọ, má bínú. Owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé ni. Má fi rán Ṣùkúrù o, ìwọ gan-an ni kó o fi wọkọ̀ kí ọjọ́ Ajé tó pé. Olúwa tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni yóò ṣí tìrẹ, bí o ṣe ń ṣí ti ọlọ́kọ̀. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Bó bá ní ta ni yóò máa ṣí géètì, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kó lo ti inú fóònù, ìyẹn kì í rẹ̀. Ìwọ ni kó o máa bọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́