Pupa Méje, Tó Ya Òkè Tí Kò Dé Rí: Ṣàfíù Àkànmú Oyèlọ́wọ̀ (1966–2025)

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1966, ní Amukoko, ni a bí Ṣàfíù Àkànmú Oyèlọ́wọ̀, tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ mọ̀ sí Pupa Méje. Àkọ́bí ni wọ́n. Bàbá wọn, olóògbé Rájí Oyèlọ́wọ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá. Ìyá wọn, Alhaja Àdùfẹ́, ni wọ́n bí ní abà Olókùúta lẹ́bàá Ìgbẹ́tì, abà kékeré kan tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Alhaja ṣì wà láàyè. Ohun tó mú kí ìtàn yìí ṣòro kọ nìyẹn: ìyá wà, ọmọ ti lọ. Olóògbé jẹun alẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n ṣe àwàdà lórí oúnjẹ. Kí oòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wọ̀, a ti bo erùpẹ̀ mọ́ wọn. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ là ń ṣe yìí, ó sì tún ń ṣe wá bíi pé a ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amukoko ní ọdún 1972, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1978. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní àwòrán yíyà. Àṣìṣe kan ló kọ́ wọn, ní ọdún 1979, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá wọn máa ń ròyìn abà Olókùúta fún wọn: “Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, òkè ibẹ̀ dúdú, omi ibẹ̀ funfun.” Abà náà ti di igbó nígbà yẹn, àwọn ará ibẹ̀ ti kó lọ sí ẹ̀bá títì. Kò sí ibi tí ènìyàn tún ti lè rí i, àfi lẹ́nu Ìyá. Olóògbé ṣa ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú agolo níbi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ ojú omi ní Kirikiri, wọ́n sì ya abà náà sára páálí: ilẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, òkè dúdú bí èédú, omi funfun bí wàrà. Ìyá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

“Àkànmú, ta ló kú sórí òkè wa? Dúdú ewé ni mo wí, kì í ṣe dúdú ìdí ìkòkò.”

“Ìyá, dúdú lẹ sọ.”

“Dúdú náà ni. Ṣé dúdú kan ló wà ni?”

Ìbéèrè yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn.

Ní ọdún 1981, ẹrù já lé bàbá wọn lẹ́sẹ̀, olóògbé sì fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ara tírélà ní ibùdókọ̀ Coconut. Ní 1988, onítírélà kan ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí wọ́n kun ọkọ̀ òun ní pupa. Olóògbé kùn ún ní pupa ata, ó ń dán. Ọkùnrin náà dé, ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Pupa ẹyin ni mo wí. Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo fẹ́ di panápaná ni?” Láti ọjọ́ náà, olóògbé kì í ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Pupa wo nínú méje?” Pupa ẹyin, pupa epo, pupa osùn, pupa ata, pupa erùpẹ̀, pupa irin tó dípẹtà, àti pupa ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn irin agbẹ́rù Àpápá. Bí wọ́n ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Iṣẹ́ wọn ní ètò. Orí tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà, ni wọ́n ń yàwòrán sí. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní ọṣẹ, wọ́n á nà án mọ́ igi, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó má baà mu àwọ̀. Ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi máa ń ní èèpá. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ìdérí ìgò mínírà ni òṣùwọ̀n wọn. Ó wà nínú ìwé àjákọ tí wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà sí pé: “Dúdú ewé ìrọ̀lẹ́: ìdérí mẹ́ta dúdú aró, ìdérí kan àbọ̀ pupa ẹyin, ẹ̀kán kan pupa osùn.” Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á rí i pé dúdú àti pupa pàdé, wọ́n sì di ewé. Onoriode, ọ̀rẹ́ wọn tó ń jó irin ní Coconut, ka ìwé náà lọ́jọ́ kan, ó mi orí: “Pupa Méje, dis your black na green o.” Olóògbé dá a lóhùn: “Na my mama black.”

Nínú àwòrán wọn, kòńténà a máa pọ́n bí osùn lábẹ́ ọ̀run tó pọ́n bí ẹyin, omi gọ́tà Amukoko a sì máa dán bí aró. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ibo lèyí, wọ́n á ní, “Ẹ̀yìn ilé yín ni.”

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 1991, wọ́n gbé Ijeoma níyàwó, ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Coconut. Pátákó ló so wọ́n pọ̀. Olóògbé ya abọ́ ìrẹsì sára pátákó Ijeoma, àwọn awakọ̀ sì ń rojọ́ pé ẹran ojú pátákó tóbi ju ti inú abọ́ lọ. Ijeoma ní kí wọ́n wá dín ẹran náà kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n wá dín in kù, díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ tí ì bá gba ọ̀sán kan péré.

Olóògbé kì í pa ìrun jẹ, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń ya aṣọ ẹ̀yìn pẹpẹ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó wọn. Nígbà tí Lémọ́ọ̀mù ní kí wọ́n kun mọ́ṣáláṣí ní funfun, wọ́n béèrè bóyá funfun wàrà ni àbí funfun eérú. Lémọ́ọ̀mù ní, “Ṣàfíù, funfun tí yóò gbẹ kó tó di Jímọ̀.” Ní 2012, lẹ́yìn òjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ àdúgbò kan lọ, wọ́n ri òpó kéékèèké mọ́ etí gọ́tà òpópónà wa, wọ́n kùn wọ́n ní pupa ẹyin, kí a lè mọ ibi tí gọ́tà wà bí omi bá bo ojú títì. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un kùn.

Òkè Olókùúta kò kúrò lọ́kàn wọn. Àwòrán rẹ̀ mọ́kànlélógún ni a kà nínú yàrá wọn. Ìyá á wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́.” Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, dókítà sọ pé ojú ọ̀tún Ìyá ti lọ, pé tòsì ń tẹ̀ lé e, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yìí, olóògbé na tapólì tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì, wọ́n gbé àga Ìyá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí Ìyá rí abà náà bó ṣe rí gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lójú wọn. Ìyá ń fi ọ̀pá tọ́ka: “Òkè yẹn ga jù. O ò gùn ún rí, ìwọ lo wá ń gbé e sókè.”

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n kírun Àsùbáà, wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n bọ́ sí abẹ́ páànù ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ nígbà tí ìyàwó wọn gbọ́ tí ìdérí ìgò kan bọ́ sílẹ̀. Kò gbọ́ ohun mìíràn. Nígbà tí dókítà fi sọ fún wa pé ẹ̀mí ti bọ́, ọ̀dà ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kò tíì gbẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó gun àkàbà ní ọjọ́ Àìkú ni o. A sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àláásárì. Ìyá kì í rí sàárè ọmọ, nítorí náà a fi Alhaja sílẹ̀ lórí àga wọn, níwájú àwòrán.

Àwòrán náà ti parí, àfi ibì kan tó ṣì funfun: ilẹ̀kùn ilé bàbá Ìyá. Morìnsọ́lá, àkọ́bí olóògbé, ṣí ìwé àjákọ náà. Ohun tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn ni: “Ilẹ̀kùn: dúdú. Kí n bi Ìyá, dúdú wo?” Ọjọ́ mẹ́ta ni ìbéèrè náà fi wà lẹ́nu Morìnsọ́lá tí kò lè bi í, torí ẹni tó bá bi í ti gbà pé bàbá òun kò ní wá bi í fúnra wọn. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá àgbà, ilẹ̀kùn ilé yín, dúdú wo ni?”

Ìyá ní, “Dúdú aró ni. Omi aró tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò ni ìyá mi fi ń kùn ún. Bàbá rẹ ò bi mí rí. Èmi náà ò sì rántí sọ.”

Morìnsọ́lá kò yàwòrán rí. Ó ka ìwé, ó fi ìdérí wọn ọ̀dà, ó kùn ún. A gbé àga Ìyá sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tapólì. Wọ́n fi ojú òsì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ gbólóhùn tí olóògbé ti ń retí láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n sì bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún.

Àwòrán náà ló wà níwájú yín lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà; ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi kì í tètè gbẹ.

Olóògbé fi ìyá wọn sílẹ̀, Alhaja Àdùfẹ́, ìyàwó wọn, Ijeoma, àwọn ọmọ wọn, Morìnsọ́lá, Afọlábí àti Suwaibat, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àbúrò wọn obìnrin, Ṣìkẹ́mi, àti Onoriode, tó ń wá jókòó lábẹ́ páànù náà lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Kí Ọlọ́run fẹ sàárè wọn lójú, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìyá ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, nítorí wọn kò lè bá wa dé ibojì sọ ọ́:

Àkànmú, ó jọ ọ́. Sùn re o.