Ẹni Méjì Ti Di Èrò

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìkókó tí mi ò tíì fojú rí àfi nínú fóònù. Kí ìwé yìí bá ọ ní ìjókòó, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá bá ọ sọ̀rọ̀, orí ìrìn lo máa ń wà, tí wàá máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá ń lé. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ìsinmi tí kì í ṣe ti àìsàn. Èémí ọmọ náà tí ẹ ní ó ń há, Ọlọ́run yóò là á. Yóò mí dáadáa, yóò sì sunkún débi tí àwọn ará àdúgbò yóò fi wá kan ilẹ̀kùn. Àmín.

Nílé níbí, àlàáfíà ni. Òrùlé pálọ̀ ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ti ń jò, nítorí náà mo ti mọ ibi tí mo máa gbé ike sí. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ tó máa ń ké, mo ti fi òróró sí i. Ibùsùn rẹ, mo ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yẹ̀, mo sì ti kan kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fá etí rẹ̀ títí tí ọwọ́ fi ń yọ̀ lórí rẹ̀, kó má bàa gún ọmọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí o sọ níjọ́sí ká mi lára. O ní bí ẹ bá wá, ilé àlejò lẹ máa sùn, nítorí èéfín sìgá mi kò ní í jẹ́ kí ọmọ mí. Mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, kí ọmọ-ọmọ mi wá sí ìlú kó lọ sùn sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ní mo máa jáwọ́ nínú sìgá kí ẹ tó dé, o sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń dáhùn báyìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí o mọ̀ pé mo ti mọ ohun tí fóònù tí o rà fún mi ń ṣe. Ọjọ́ tí o pè mí, tí mo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tí o sì ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sìgá tán ni, òótọ́ lo sọ, ẹnu sì yà mí. Mo wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ní áà, ibí ni òórùn ń gbà kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi aṣọ ìnura dì í, tí mo sì ń tì í mọ́nú àpótí. Ìdí nìyẹn tí o kì í fi í bá mi bí o bá pè. Má rò pé mo ń bá ọ ṣe kèéta.

Lẹ́yìn náà ni òfin dé pé kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá ní ìta gbangba mọ́. Mo lọ sí báńkì láti gba ohun tí o fi ránṣẹ́, mo bá àwòrán sìgá kan lára ògiri, wọ́n fa ìlà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ìdí sìgá inú àwòrán náà ní àwọ̀ ilẹ̀, tèmi sì funfun látòkè délẹ̀. Mo mú tèmi jáde, mo fi han ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ní kó bá mi fi wé e, ó jọ pé wọn ò ka irú tèmi mọ́ ọn. Ó wò mí títí, ó ní gbogbo ìdílé sìgá pátá ni. Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò ya gbogbo wọn? Ó ní kí n máa bọ̀ níta.

Ti ilé ìwòsàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan funfun róbótó kan lẹ̀ mọ́ àjà níbẹ̀, iná pupa kékeré kan sì ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ti gbóòórùn èéfín, ariwo ló máa pa. Mo wá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Mo ṣí fìlà, mo kí i. Nígbàkúgbà tí mo bá lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo máa ń kí i, màá sì tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì kó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò tíì pariwo mọ́ mi rí. Mo wá bi nọ́ọ̀sì pé kí ni òfin ń pè ní ìta gbangba, ó ní ibikíbi tí èrò bá wà ni. Mo ní èèyàn mélòó ló ń jẹ́ èrò. Ó ń fún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, ọmọ ọ̀hún ń fẹsẹ̀ gbá a níkùn, ló bá ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni méjì ti tó. Mo dúpẹ́, mo gba ilé lọ, mo lọ sọ fún Bọ́tìnnì.

O ò lè gbàgbé Bọ́tìnnì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi, tó kúrú tó sì rí roboto. Òun ló rán aṣọ ilé ìwé rẹ àkọ́kọ́, tí apá kan gùn ju èkejì, tó ní ọwọ́ rẹ ni kò dọ́gba. Ọmọ mi, ìgbà yẹn dùn. Bẹ́ǹṣì wa wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Ìṣáná kan la fi ń tan sìgá méjì, tèmi lákọ̀ọ́kọ́, nítorí mo fi oṣù díẹ̀ jù ú lọ. Ìyá rẹ á gbé korobá omi wá síwájú ẹsẹ̀ mi nítorí èérún pákó, kò ní í sọ̀rọ̀, á kàn gbé e kalẹ̀ gbàgà, àwa náà á sì mọ̀ pé ó ti bú wa. Ìwọ á ti máa kó èérún pákó tó ká kólokòlo sórí, wàá ní irun rẹ ti hù. Bí mo bá rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọkàn mi máa ń lọ jìnnà. Bọ́tìnnì ti jáwọ́ tipẹ́, láti ìgbà tí àwọn oníbàárà ti ní aṣọ tuntun tó rán ń rùn bí ìdáná. Èmi ò lè jáwọ́. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ papò dà, sìgá nìkan ló kù tó ń bá mi jókòó nírọ̀lẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀.

Nígbà tí Bọ́tìnnì gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni èrò. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń gbé iṣẹ́ wá sí pálọ̀ mi, ó jókòó, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ, bí ọwọ́ mi bá sì ti sún mọ́ àpò, á húkọ́, á ní èrò wà níbí o. Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú tẹ̀ lé mi. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni méjì ṣì ni wá, ilẹ̀kùn ló kàn wà láàárín. Mo bú u, mo pè é ní ọlọ́pàá tí kò lówó oṣù, ó ní kí n máa bú òun lọ, pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń bú òun, mi ò ráyè fi nǹkan sẹ́nu. Bó bá sì rí i pé ara mi ń gbọ̀n, á mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde, a ó máa rẹ́rìn-ín títí tí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni sìgá ṣe ń yọ́ kúrò lọ́kàn mi díẹ̀díẹ̀, tí oúnjẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n ojú ń dun Bọ́tìnnì, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ rẹ̀ sì wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kó tó lọ, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga tó máa ń jókòó sí, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní kí n máa kà á sí èèyàn títí òun á fi dé. Mo ní kó máa lọ, kí ọkọ̀ má fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí kóòtù náà káàárọ̀, mo bá a jókòó. Lọ́jọ́ kejì òjò ń rọ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀, mo tún wo kóòtù yẹn, mo rí i pé kóòtù ni. Sìgá kan ṣoṣo ló kù tí mo tọ́jú sínú agolo ìṣó. Mo mú un, mo fi sẹ́nu, mo ṣá ìṣáná. Àwòrán ìyá rẹ tó wà lára ògiri ń wò mí, o mọ bó ṣe máa ń wo èèyàn, nítorí náà mo fi ọwọ́ kejì gbé e kí n lè yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Ìgbà náà ni mo rí ibi tí àwòrán náà bò.

Àwọ̀ ewé tuntun ni. Gbogbo ibi yòókù nínú pálọ̀ ni èéfín sìgá ti mú pọ́n bíi tíì, èmi sì ti rò pé bí a ṣe kùn ún nìyẹn. Mo ti gbàgbé pátápátá. Inú oyún rẹ ni ìyá rẹ wà nígbà tó yan ọ̀dà yẹn, ó ní ọmọ òun kò ní í lajú sínú ilé tó ṣókùnkùn. Òun kun ìsàlẹ̀, èmi kun òkè, Bọ́tìnnì di àkàbà mú, ọ̀dà ń kán sí i lórí, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó di ikùn mú. Gbogbo rẹ̀ padà wá sójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣáná jó mi níka, mi ò tètè mọ̀. Mo sunkún, mi ò ní í purọ́ fún ọ.

Mo gbé àwòrán náà padà sáyè rẹ̀, mo jẹ́ kó kọjú sí mi. Mo ní èmi rèé, òun rèé, ẹni méjì sì ti tó. Mo ju sìgá náà sínú ike omi òjò, ó tú.

Nítorí náà, mò ń bẹ̀ ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọ̀dà. Mo ti fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ lára ibi tí àwòrán bò, mo dì í sínú ìwé yìí, kí o bá mi wá àwọ̀ rẹ̀ gan-an nígboro, nítorí ẹni tó ń tà á níbí ní ẹ̀rọ ló ń pò ó báyìí, mi ò sì lè gbára lé ẹ̀rọ tí kò rí ìyá rẹ rí. Bó bá jẹ́ inú fóònù ni owó náà máa gbà wá, bí o ṣe máa ń sọ, ní sùúrù kí n kọ́kọ́ tú aṣọ ara rẹ̀, kó lè rọ́nà wọlé.

Ọlọ́run yóò sìn yín wá, yóò sì sìn yín lọ. Ọmọ yìí yóò lajú sí àwọ̀ tí ìyá ìyá rẹ̀ yàn, yóò mí sínú, yóò mí síta, ohunkóhun kò ní í há a láyà. Bọ́tìnnì yóò ti dé pẹ̀lú ojú tó mọ́lẹ̀, yóò rán aṣọ fún un, apá méjèèjì á sì dọ́gba lọ́tẹ̀ yìí. A ó pọ̀ gan-an nínú ilé yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, kápẹ́ńtà.

Mo tún rántí. Mo ti tú aṣọ lára fóònù báyìí, mo sì gbé e sórí tábìlì níwájú ìyá rẹ. Pè mí, kí o fi imú sí i dáadáa. Bí o bá gbóòórùn ohunkóhun tó yàtọ̀ sí ti pákó, kí ẹ lọ sùn sí ilé àlejò.